Ta Ló Ni Àkókò Ojú Ọ̀nà?

Kí oòrùn ọjọ́ Àlàrùbá yẹn tó wọ inú àgbàlá wọn ní Ìsàlẹ̀ Gángan, Hussainat àti Yaqub ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ló dá a sílẹ̀. Hussainat ti wọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ewé tí ilé-iṣẹ́ tó ń rán olùtọ́jú sí ilé àwọn arúgbó fi ń dá àwọn òṣìṣẹ́ wọn mọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní kí ọkọ òun fi nǹkan díẹ̀ kún owó ọwọ́ òun nítorí pé àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ti tún fi owó lé owó. Yaqub kò gbójú sókè níbi tó ti ń ta epo sí ẹ̀rọ ìránṣọ tí oníbàárà kan gbé wá fún àtúnṣe. Ó ní owó ọbẹ̀ nìkan ló kù lápò òun. Ó tún ní òun ò tíì rí irú iṣẹ́ báyìí rí, tó jẹ́ pé ilé ló ń bọ́ iṣẹ́, tí iṣẹ́ kì í bọ́ ilé.

Ọ̀rọ̀ náà dun Hussainat nítorí pé òótọ́ ni. Láràárọ̀, Ọbaléńdé ló kọ́kọ́ ń lọ, lọ́dọ̀ Bàbá Kọ́lápọ̀, tíṣà àgbà kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé dè. Yóò wẹ̀ ẹ́, yóò fún un lóúnjẹ àti oògùn, yóò bá a na ẹsẹ̀ àti apá. Lẹ́yìn náà yóò padà wá sí Èbúté Èrò, yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìkòròdú lọ́dọ̀ Màmá Ìrètí, arúgbó kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Àkókò tó bá lò nínú ilé àwọn méjèèjì yìí nìkan ni ilé-iṣẹ́ ń sanwó rẹ̀. Ìrìn tó wà láàárín wọn, ìdúró de ọkọ̀, òjò tó ń pa á, omi ọ̀sà tó ń ta sí i lára, gbogbo rẹ̀ wà lọ́rùn òun fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, bó bá ti jáde nílé Bàbá Kọ́lápọ̀, ó gbọ́dọ̀ pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Bó bá dé ilé Màmá Ìrètí, ó gbọ́dọ̀ pè. Bó bá sì pẹ́ lójú ọ̀nà, wọn yóò yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Àkókò tí wọn kì í san kọ́bọ̀ lé lórí ni wọ́n ń ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Àlímọ̀t, ìyá Yaqub, jókòó sórí àpótí nítòsí wọn, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Kò dá sí i. Ó tú kókó tó wà ní ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó mú owó ibẹ̀, ó nà án sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. Yaqub rí i. Ó tún orí bọ ẹ̀rọ ìránṣọ. Hussainat kúnlẹ̀ gba owó náà, ó dúpẹ́, ó béèrè bóyá òyì tó ń kọ́ ìyá lójú lánàá ti lọ. Ìyá ní ó ti lọ. Kò tíì lọ.

Nígbà tí Hussainat jáde, àwọn obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ omi kí i tán, wọ́n sì fọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀kan ní òun ti rí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ yẹn rí, ọkọ̀ tó fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé tóbi ju yàrá òun lọ. Òmíràn ní ó sàn ju kéèyàn jókòó sílé, ó ṣáà jẹ́ pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Màmá Ìbùkún, obìnrin Èkìtì tó ń gbé yàrá ẹnu géètì, tó sì ń ta èlùbọ́ ní ọjà Sandgrouse, ń fọ aṣọ lọ́dọ̀ wọn. Ọjà rẹ̀ kò tíì dé láti òkè, ìdí nìyẹn tó fi wà nílé. Ó fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó ní, “Oògùn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò ó ńkọ́?”

Bàbá Kọ́lápọ̀ kò yára jẹun lọ́jọ́ yẹn. Bí Hussainat bá fi ṣíbí kan ògì sí i lẹ́nu, yóò há a sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò máa wo wíńdò. Hussainat kò kán an lójú. Ó ń fi ọwọ́ ra á lọ́rùn títí tó fi gbé e mì, ó ń sọ ìròyìn àdúgbò fún un, ó sì jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán kó tó dìde. Nígbà tó jáde, ó pe Olúfúnkẹ́, ọ̀gá tó ń darí àwọn olùtọ́jú, pé òun ti kúrò ní Ọbaléńdé. Olúfúnkẹ́ ní ó ti pẹ́. Hussainat bẹ̀bẹ̀, ó ní bàbá ò tètè jẹun ni. Olúfúnkẹ́ ní kó má jẹ̀ẹ́ kí Màmá Ìrètí fi ebi lo oògùn.

Ó wọ kẹ̀kẹ́ dé Adéníji Adélé, ó sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ọ̀nà èbúté yìí kọjá lẹ́nu ojúlé wọn gan-an. Ojoojúmọ́ ni Hussainat ń gba ibẹ̀, ojoojúmọ́ ni ọkàn rẹ̀ sì ń fà á pé kó yà, kó wo ìyá, kó bu omi mu nínú kete ara rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, òyì ìyá wá sí i lọ́kàn. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tóóró tó wọ àgbàlá wọn. Ó wo fóònù rẹ̀. Ó kọjá.

Ó ti san owó ọkọ̀, ó ti wọ jákẹ́ẹ̀tì ojú omi, ó sì ti jókòó ti obìnrin kan tó gbé agbọ̀n ẹja yíyan lé ẹsẹ̀, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Màmá Ìbùkún ni.

“Ìyá Bilqis, má fòyà,” ni ohùn náà wí, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Màmá ṣubú ní balùwẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, ojú wọn sì là, ṣùgbọ́n wọn ò lè dìde. A ti ń gbé wọn lọ sí ọsibítù. Mo pe Bàbá Bilqis títí, fóònù rẹ̀ ò lọ.”

Yaqub ti lọ sí Múṣin lọ ra irin tí yóò fi tún ẹ̀rọ oníbàárà rẹ̀ ṣe. Hussainat dìde nínú ọkọ̀. Awakọ̀ ti ń tú okùn. Ó kìlọ̀ fún un pé owó tó ti wọlé kì í jáde mọ́, Hussainat sì ní òun ò béèrè owó. Obìnrin ẹlẹ́ja yẹn ló bá a tú ìgbánú jákẹ́ẹ̀tì. Ó ní, “Máa lọ, ọmọ mi, Ọlọ́run á ti ṣáájú rẹ débẹ̀.” Hussainat kò mọ obìnrin náà rí, kò sì tún rí i mọ́ láti ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n àdúrà yẹn ló di mú bó ṣe ń sáré gun orí ilẹ̀.

Bó ti ń yára lọ, ó pe Olúfúnkẹ́. Ó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì ní òun ń lọ bá ìyá ọkọ òun ní ọsibítù.

Olúfúnkẹ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó bá a kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ arúgbó tó dá nìkan wà ní Ìkòròdú, tí kò lè dá oògùn ara rẹ̀ mọ̀ nínú òkùnkùn ojú rẹ̀. Ó bi í pé ta ni yóò wà pẹ̀lú Màmá Ìrètí. Hussainat ní òun yóò wá ẹnì kan. Olúfúnkẹ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀, kó lọ sí Ìkòròdú ná, bó bá ti fún ìyá lóògùn tán, kó wá tọrọ ààyè.

“Hussainat, o ò lè ṣàdédé padà sílé. O wà lẹ́nu iṣẹ́.”

Hussainat dúró. Àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, alábàárù kan ní kó yà fún òun, ó yà.

“Anti Fúnkẹ́, ẹ ní mo wà lẹ́nu iṣẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ilé-iṣẹ́ ní mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ bí mo bá wà lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sanwó rẹ̀.” Kò gbé ohùn rẹ̀ sókè. “Ẹ má bínú, Anti. Bí àkókò yìí bá jẹ́ tèmi, ẹ jẹ́ kí n fi tọ́jú ìyá mi. Bó bá jẹ́ tiyín, ẹ sanwó rẹ̀.”

Ó gbọ́ tí Olúfúnkẹ́ mí kanlẹ̀, tó ní òun ń pè é padà.

Hussainat kò dúró de ìpè yẹn. Ó pe Azeemah, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní Ìkòròdú, tí òun náà ń tọ́jú arúgbó kan lápá ibẹ̀. Azeemah ti wà lójú ọ̀nà ilé arúgbó tirẹ̀. Kò jẹ́ kí Hussainat bẹ̀bẹ̀ tán. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Màmá Ìrètí, òun yóò fún un lóúnjẹ, òun yóò sì fún un lóògùn. Hussainat rán an létí pé bó bá pẹ́ dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀, wọn yóò yọ ọ́ nínú owó rẹ̀. Azeemah ní, “Ṣé ìyá ẹni ni ká máa fi wé ìyẹn?” Ó sì pa fóònù.

Ọ̀nà tó wọ àgbàlá wọn kò gba kẹ̀kẹ́. Orí àga oníke ni wọ́n gbé Àlímọ̀t sí. Màmá Ìbùkún di ẹ̀yìn àga mú, àwọn ọkùnrin méjì tó ń ru ẹrù lójúde di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n sì gbé e bẹ́ẹ̀ títí dé títì. Nígbà tí Hussainat dé ọsibítù, ó bá ìyá lórí ibùsùn, ìró ẹlòmíì lára rẹ̀. Màmá Ìbùkún ló tú ìró òkè ara rẹ̀ láti fi bò ó, nítorí pé aṣọ ìyá ti tutù ní balùwẹ̀, kò sì fẹ́ kí àwọn èèyàn rí ìhòòhò àgbà lójú pópó. Òun náà ló ti san owó káàdì. Nígbà tí Hussainat fẹ́ dá ọ̀rọ̀ owó náà sílẹ̀, ó ní kó lọ mú ìyá lọ́wọ́.

Ohun tí Àlímọ̀t kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ṣé o ti jẹun?” Ohun tó sọ tẹ̀ lé e ni pé, “Ta ló wà lọ́dọ̀ ìyá Ìkòròdú?”

Ibẹ̀ ni Hussainat ti sunkún. Ó gbé orí lé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ní, “Màmá, mo gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá. Mo rántí òyì yín. Mi ò yà.”

Àlímọ̀t fi ọwọ́ tí kò dùn ún kan gèlè orí rẹ̀. “Ẹni tó ránni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù,” ló wí. Kò sọ ìyókù òwe náà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Dókítà, ọ̀dọ́bìnrin kan tí oorun hàn lójú rẹ̀, mú àwòrán egungun dé. Ó ní kí wọ́n dúpẹ́. Ìbàdí kò dá. Ọrùn ọwọ́ òsì ló dá, yóò sì san bí wọ́n bá dì í dáadáa. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ga, òun ló fa òyì, oògùn sì wà fún un. “Alhamdulillahi,” ni Àlímọ̀t wí. Màmá Ìbùkún ní, “Ògo ni fún Olúwa.” Dókítà rẹ́rìn-ín fún àwọn méjèèjì, ó sì lọ wá ẹni tí yóò di ọwọ́ náà.

Wọ́n ti ń dì í lọ́wọ́ nígbà tí Yaqub sáré wọlé, láílọ́ọ̀nù irin ń mì lọ́wọ́ rẹ̀. Bátìrì fóònù rẹ̀ ló kú, ẹnu géètì ilé ló ti gbọ́. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n ti fi nǹkan funfun yí ká. Lẹ́yìn náà ó yí sí Màmá Ìbùkún, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sílẹ̀ ọsibítù, láàárín àwọn aláìsàn. Màmá Ìbùkún fà á dìde. Ó ní ìyá Yaqub ló gbé ọmọ òun pọ̀n nígbà tí òun bí ìkejì, kò sì sí ẹni tó bá a ṣírò rẹ̀. Yaqub wá kọjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó gba báàgì èjìká rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Òun náà ló lọ sí Sandgrouse lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó ra ilá, ó ra edé àti ẹja, ó sì se ilá alásèpọ̀ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn. Àwọn obìnrin ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń bi í bóyá ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe nínú ìkòkò. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Àlímọ̀t jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka, ó ṣàdúrà fún un. Bilqis ọmọ wọn ti ti iléèwé dé nígbà yẹn, ó sì jókòó ti ìyá àgbà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kan ọwọ́ dídì náà.

Oòrùn ti rẹlẹ̀ nígbà tí obìnrin kan yọjú ní géètì, ó mú ọsàn dání, ó ń béèrè ilé Hussainat. Olúfúnkẹ́ ni. Hussainat dìde, ó rò pé wọ́n ti wá gba yúnífọ́ọ̀mù lára òun. Yaqub fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró ti ìyàwó rẹ̀.

Olúfúnkẹ́ kúnlẹ̀ kí Àlímọ̀t, ó bá a kẹ́dùn, ó sì kí gbogbo ilé. Ó ní Màmá Ìrètí wà dáadáa, Azeemah bá a jẹun, ó sì ti sùn. Wọ́n fún un ní bẹ́ńṣì. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà díẹ̀ kúrò ní gìgísẹ̀, wọ́n sì rí i pé ibẹ̀ ti bó.

Àlímọ̀t rí i pẹ̀lú. “Ọmọ mi, níbo lo ti ń bọ̀?”

“Ajah ni, Màmá. Mo lọ wo òṣìṣẹ́ wa kan níbẹ̀. Kí n tó débẹ̀, mo ti kọ́kọ́ lọ sí Súrùlérè.”

“Ṣé wọ́n ń sanwó ọ̀nà yẹn fún ìwọ?”

Olúfúnkẹ́ wo ọsàn tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. “Rárá, Màmá.”

Màmá Ìbùkún tó ń ká aṣọ lórí okùn rọra ń ká a. Yaqub wọlé lọ, ó gbé ẹ̀bà àti ìyókù ilá náà jáde, ó bu omi ìfọwọ́. Olúfúnkẹ́ ní òun ò wá jẹun. Àlímọ̀t ní kò sí ẹni tó bi í bẹ́ẹ̀. Olúfúnkẹ́ fọwọ́, ó sì jẹun bí ẹni tí kò fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Lẹ́yìn òkèlè mélòó kan ló tó sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní òun sọ ọ̀rọ̀ Hussainat fún ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ gẹ́lẹ́ bí Hussainat ṣe sọ ọ́. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ bínú. Nígbà tó yá, ó pè padà. Ó ní kí wọ́n má yọ nǹkan kan nínú owó Hussainat nítorí tòní, àti pé láti òní lọ, kí wọ́n máa ka ọ̀nà Ìkòròdú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì máa sanwó rẹ̀.

Yaqub ló kọ́kọ́ dúpẹ́. Àlímọ̀t gbé ojú sókè, ó ní “Alhamdulillahi” lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ yẹn. Hussainat kúnlẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúfúnkẹ́ látọkàn wá, nítorí pé kò sí ẹni tó rán an pé kó fi gìgísẹ̀ bíbó rin ìrìn yìí wá. Nígbà tó kúnlẹ̀ síbẹ̀ ló tó rántí béèrè.

“Azeemah ńkọ́, Anti? Àwọn yòókù ńkọ́?”

Olúfúnkẹ́ kò gbé òkèlè ọwọ́ rẹ̀ dé ẹnu. “Ó ní tìẹ nìkan ni. Ó ní kó o má tíì sọ fún wọn.”

Hussainat wo ọkọ rẹ̀. Ó mọ ohun tí owó náà lè ṣe nínú ilé wọn. Yaqub náà mọ̀ ọ́n. Àlímọ̀t ló fọhùn, kò sì wo ojú ẹnì kankan.

“Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.”

Yaqub mi orí. Ó wọ yàrá, ó yọ fóònù ìyàwó rẹ̀ kúrò níbi tó ti ń gba iná, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Azeemah gbé e lójú ẹsẹ̀, ó ń béèrè ìyá. Hussainat ní ìyá wà, ọwọ́ nìkan ló dá, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí Azeemah fi ní ó tó. Ó wá ní, “Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ fún ẹ. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́. Anti Fúnkẹ́ wà níbí, wọ́n ń gbọ́ mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.”

Olúfúnkẹ́ fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú abọ́. Ó nù ún. Ó fa bẹ́ńṣì súnmọ́ wọn, ó sì ní kí Hussainat gbé fóònù náà sí àárín, kí òun náà lè bá a sọ ọ́ fún Azeemah.